A Kì í Fún Màmá ní Òdo

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀wọ̀ sọ èèyàn di òmùgọ̀, ẹ wọ bọ́ọ̀sì ní Ìpàtà, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní kọ́lẹ́jì kan báyìí lójú ọ̀nà Òkè-Òyì. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí n kò ní lọ́yà. Ibẹ̀ ni Ìyá Favour ti padà lọ kàwé lẹ́yìn tó ti bímọ tán. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bọ̀wọ̀ fún un, tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, títí iṣẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Fẹ́yìsayọ̀ Adérógbà lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, iṣẹ́ ìjọba ló gbé ọkọ rẹ̀ wá sí Ìlọrin. Èmi ni Hadiza, ọmọ onílùú, Ìyá Awwal lòun sì ń pè mí. Ilé ìwé aládàáni kan lẹ́yìn Ọjà Tuntun la ti jọ ń ṣiṣẹ́. Pírámárì Kejì ni ó ń kọ́, Pírámárì Kẹrin lèmi, pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló sì pín kíláàsì wa níyà. Bí Ìyá Favour bá sín lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ tèmi ló ń kí i pé, "Pẹ̀lẹ́, Àǹtí." Ẹ jẹ́ kó yé yín, nítorí náà, pé ohun tí mo bá sọ nípa rẹ̀, ojú mi ló ṣe tàbí kí etí mi gbọ́ ọ.

Olùkọ́ ni, kò sẹ́ni tó lè jiyàn. Ìwé mẹ́wàá nìkan ló ní, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ a máa sáré tẹ̀lé e láti ẹnu géètì. Orin ni ó fi ń kọ́ wọn ní gbogbo nǹkan. Bí ó bá kọ́ wọn tán, á pàtẹ́wọ́, á bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n?" Ilé yóò mì tìtì: "A ti mọ̀ ọ́n, Àǹtííì!" Ariwo yẹn ti mú kí ṣọ́ọ̀kì já bọ́ lọ́wọ́ mi rí.

Lọ́jọ́ kan ni Alájà tó ni ilé ìwé wa pè wá jọ. Ó ní àwọn ìsípẹ́kítọ̀ ti wá, wọ́n ní ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ kò gbọdọ̀ dúró níwájú ọmọ mọ́. Ó fún àwọn tí kò ní láàyè láti lọ gbà á. Ẹni tí kò bá rí i gbà kí àkókò tó pé, kírẹ́ẹ̀ṣì ni yóò máa lọ, kó lọ máa nùdí fún àwọn ọmọ ọwọ́. Alájà kò bojú wo ẹnikẹ́ni nígbà tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni kan ṣoṣo ni kò ní nínú wa. Ìyá Favour sunkún lọ́jọ́ náà nínú kíláàsì rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ ilé. Mo gbọ́ ọ láti ìhà kejì pátákó. Inú bí mi, nítorí mo mọ àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí tí wọn kò lè kọ́ ẹran ní jíjẹ koríko.

Bó ṣe gba fọ́ọ̀mù ètò òpin ọ̀sẹ̀ ní kọ́lẹ́jì nìyẹn. Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ tó lọ, bí ìyàwó tuntun ló ṣe padà dé ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

"Ìyá Awwal, wọ́n gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀!"

Mo ní, "Kí ni wọ́n kọ́ yín?"

Ó ní, "Wọ́n fún wa ní àga."

Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Wàlàhí, òótọ́ ni. Kọ́lẹ́jì náà ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìrànwọ́ àwọn àgbà tó padà wá kàwé. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olùdámọ̀ràn níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Mister Ayọ̀díjí. Tòun ti táì ni, yálà oòrùn ń ràn tàbí òjò ń rọ̀. Ó ti lọ ṣe bánà kan ní Ọjà Tuntun, wọ́n kọ ọ́ sí i pé ỌJỌ́ ORÍ KÌ Í ṢE ÌDÈNÀ, àwòrán òun fúnra rẹ̀ sì tóbi ju orúkọ kọ́lẹ́jì lọ níbẹ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Bí ọkùnrin yìí bá mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání, ẹ ó rò pé òun ló dá ìwé kíkà sílẹ̀.

Ìrànwọ́ tó ń ṣe nìyí: ó ní kí wọ́n gbé àga olápá sí iwájú kíláàsì fún àwọn àgbà, kí fáànù kọjú sí wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe pe obìnrin kankan nínú wọn lórúkọ. Màmá ni gbogbo obìnrin, Bàbá ni gbogbo ọkùnrin. Nígbà tí bàbá kan bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ lẹ́sìn nóòtì, ìyẹn ìwé tí olùkọ́ fi ń to ohun tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kó tó wọ kíláàsì, Mister Ayọ̀díjí rẹ́rìn-ín títí eyín ọ̀kánkán rẹ̀ fi yọ tán. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ yanjú, kí ni àwa ọmọdé fẹ́ fi kọ́ yín?" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá tó béèrè ọ̀rọ̀ náà pàtẹ́wọ́. Kò sì rí ìdáhùn gbà.

Ohun kan ṣoṣo ló kọ́ wọn tí èèyàn lè fọwọ́ mú. Obìnrin kan béèrè pé bí olùkọ́ bá fún òun ní òdo ńkọ́. Mister Ayọ̀díjí gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo ilé dákẹ́.

"Màmá, a kì í fún Màmá ní òdo. Bí ọmọ kan bá dán an wò, ẹ wá bá mi, a ó jọ lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ẹ ó sì kúnlẹ̀ fún un. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò jókòó kí ẹni tó lè bí i wà lórí ìkúnlẹ̀? Ṣé ó fẹ́ gba èpè ni?"

Kò parí síbẹ̀. Ó mú wọn ṣe ìdánrawò! Ó ní kí wọ́n má yára kúnlẹ̀, nítorí ẹni tó bá yára, wọn kò ní rí i dáadáa. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ di ìbàdí mú, kí wọ́n mí kanlẹ̀, kí orúnkún kan ṣáájú èkejì. Nígbà tí Ìyá Favour fi hàn mí ní yàrá olùkọ́, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní ọkùnrin náà ní ìmọ̀.

Mo sì gbọdọ̀ sọ òótọ́: ó dùn mọ́ ọn. Nílé, ọkọ rẹ̀ á pè é láti wá gbé rímóòtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún un. Níbi iṣẹ́, Alájà á kígbe mọ́ ọn lójú ọmọ. Kọ́lẹ́jì yẹn nìkan ni ibi tí ọkùnrin tó wọ táì ti ń dìde dúró bí ó bá wọlé. Ta ni kò ní fẹ́ irú ìyẹn? Ṣùgbọ́n mo máa ń wo ìwé iṣẹ́ rẹ̀ bí ó bá dé, mo sì ń rí ohun tí wọ́n ń kọ sí i. Máàkì pupa rọ̀gbọ̀dọ̀, lẹ́yìn náà, "Ẹ kú akitiyan, Màmá." Kò sí àtúnṣe kan. Bí àwọn ọ̀dọ́ kíláàsì bá ní iṣẹ́ àjọṣe, wọn á ní kí Màmá fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Òun náà á gbàdúrà dé ibi àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí, àwọn ọmọ náà á ṣe iṣẹ́ wọn, wọn á wá kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ tiwọn. Bó bá nawọ́ láti béèrè ohun tí kò yé e, olùkọ́ á ní, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ má ṣe ara yín ní wàhálà, á máa yé yín díẹ̀díẹ̀. Ṣé ó ti ń yé yín?" Òun náà á ní ó ti ń yé òun. Báyìí ló ṣe kàwé títí dé ọdún tó kẹ́yìn, tí ọ̀rọ̀ ìwé náà kò fi ara kàn án.

Ìgbà tí T.P. dé ni àwo fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. T.P. ni kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró níwájú kíláàsì kí ó kọ́ni, kí ẹni tí kọ́lẹ́jì rán wá jókòó lẹ́yìn kó máa wò ó. Ẹni tí kò bá yege nínú rẹ̀ kò ní gba ìwé ẹ̀rí, ó di ọdún mìíràn. Ọdún mìíràn kò sì sí fún Ìyá Favour, nítorí àkókò tí Alájà dá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Wọ́n gbà kí ó ṣe tirẹ̀ nínú kíláàsì rẹ̀ níbí. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní àwọn olùkọ́ òun mọ òun, wọ́n sì mọyì òun.

Kọ́lẹ́jì kò rán àwọn yẹn wá. Olùkọ́ tuntun kan ni wọ́n rán, Safiyyah lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin bíi èmi náà. Obìnrin kékeré ni, ó wọ híjáàbù, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn bí ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Alájà gan-an rò pé ó wá mú àbúrò rẹ̀ lọ ilé ni.

Ọ̀rọ̀ tó ní "gb" nínú ni Ìyá Favour kọ́ wọn lọ́jọ́ náà: igbá, ìgbín, àgbàdo. Ó kọrin, ó jó, ó fi ọwọ́ ṣe ìwo ìgbín sórí. Àwọn ọmọ tèmi kò gbọ́ tèmi mọ́, orin ọ̀hún ni wọ́n ń bá wọn kọ. Lẹ́yìn náà ló pàtẹ́wọ́. "Ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n?" "A ti mọ̀ ọ́n, Àǹtííì!" Mo ní sínú pé, ó parí, ó ti yege.

Mo wá gbọ́ ohùn kékeré kan láti ẹ̀yìn kíláàsì.

"Ẹ ṣeun, Missis Adérógbà."

Missis! Kì í ṣe Màmá. Láti ìgbà tó ti wọ kọ́lẹ́jì ni ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò ti pè é lórúkọ. Ọmọbìnrin náà fún un ní ìwé rẹ̀, ó kí i, ó kí Alájà, ó gun ọ̀kadà lọ. Nígbà tí mo sáré wọlé, Ìyá Favour ń wo lẹ́sìn nóòtì rẹ̀ bíi pé ejò wà nínú rẹ̀. Ó ti kọ ọ́ sí i, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń kọ ọ́ láti ọdún àkọ́kọ́, pé ní òpin ẹ̀kọ́ náà àwọn ọmọ yóò mọ lẹ́tà "gb", wọn yóò mọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ní in, wọn yóò mọ bí a ṣe ń pè é. Safiyyah ti fi bírò pupa yí gbogbo "mọ̀" inú rẹ̀ ká. Kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ mìíràn. Nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé kò yege, pé òun yóò padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì fún ìgbà ìkẹyìn.

"Ọmọ tí mo lè bí," ni Ìyá Favour ń sọ. "Ìyá Awwal, ọmọ tí mo lè bí ló pè mí ní Missis."

Ẹ wo obìnrin yìí. Òdo wà lọ́wọ́ rẹ̀, kírẹ́ẹ̀ṣì ń dúró dè é, ọ̀rọ̀ Missis ló ń dùn ún.

Ó pe Mister Ayọ̀díjí lórí fóònù lójú mi. Inú ọkùnrin náà dùn! Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. Iṣẹ́ ti dé fún un wàyí. Ó ní kí ó wá ní Sátidé, kí ó má wọ léèsì, kí ó wá aṣọ tó ti ṣá. Ó ní kí ó mú ẹnì kan dání, nítorí a kì í dá nìkan lọ bẹ̀bẹ̀. Bí èmi ṣe bá wọn lọ nìyẹn. Nínú bọ́ọ̀sì láti Ìpàtà, ètè rẹ̀ ń mì títí a fi dé ibẹ̀, ó ń há ẹ̀bẹ̀ sórí. Mo ní kó jẹ́ ká kàn béèrè ohun tí ọmọbìnrin náà fi bírò pupa sọ. Ó ní n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní kọ́lẹ́jì.

Ọ́fíìsì Safiyyah kò ju ibi tí èèyàn lè na ara sí lọ. Mister Ayọ̀díjí kan ilẹ̀kùn, ó ṣí i gbayawu, kò sì tì í, kí àwọn tó ń kọjá lè rí wa. Ó wúkọ́. Ìyá Favour di ìbàdí mú. Ó mí kanlẹ̀. Orúnkún ọ̀tún ṣáájú, ti òsì tẹ̀lé e, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó ní, "Ọmọ mi, mo fi ọmú tí mo fi tọ́mọ bẹ̀ ọ́."

Safiyyah fò dìde. "Áúsùbílláhì! Ẹ dìde, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Kò dìde. Èrò ti pé sẹ́nu ọ̀nà. Mister Ayọ̀díjí yíjú sí wọn, ó ní, "Ẹ ò rí ayé bí? Màmá wà nílẹ̀, ọmọ wà lókè." Ẹnì kan sọ pé kí Ọlọ́run má jẹ́ a ṣìwà hù. Ẹ̀rù ba ọmọbìnrin náà, mo rí i kedere, ojú sì tì mí pé mo wà nínú àwọn tó ń dẹ́rù bà á. Ó na ọwọ́ gba lẹ́sìn nóòtì lọ́wọ́ Ìyá Favour. Mister Ayọ̀díjí ṣẹ́jú sí mi pé ó ti ṣẹlẹ̀.

Safiyyah kó híjáàbù rẹ̀ jọ, ó sì kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kọjú sí Ìyá Favour, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tirẹ̀, ó tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Ó ní, "Bí ẹ kò bá ní í dìde, mà, èmi náà á wà nílẹ̀. Ìyẹn ti parí. Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́. Ẹ ka ìlà àkọ́kọ́ yìí fún mi."

Ìyá Favour wo Mister Ayọ̀díjí. Èyí kò sí nínú ìdánrawò. Ó kà á pé, "Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, àwọn ọmọ yóò mọ lẹ́tà 'gb'."

"Kí ni ẹ máa rí, mà, tí ẹ ó fi mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n?"

"Wọn á sọ pé àwọn ti mọ̀ ọ́n."

"Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ mi kì í parọ́," ni Ìyá Favour wí, ìbínú ti ń wọ ohùn rẹ̀.

"N kò ní wọ́n ń parọ́, mà. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yín níbí ń bi yín pé ṣé ó yé yín, kí lẹ máa ń sọ?"

Mo rò pé Ìyá Favour yóò dìde, kí ó fún ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ gidi.

"Mo máa ń ní ó yé mi."

"Ṣé ó yé yín?"

Ìyá Favour fi ìka kan àwọn àmì pupa inú ìwé náà, ó ní, "Kò yé mi. Láti ọdún àkọ́kọ́ ni kò ti yé mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé iṣẹ́ mi kò dáa."

Ó sunkún nígbà náà, kì í ṣe ti ẹ̀bẹ̀. Mister Ayọ̀díjí wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun ní ìpàdé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà fọ́n ká, nítorí ta ló fẹ́ wo ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́? Orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun àwọn méjèèjì. Safiyyah tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀, wọ́n jókòó lé e, ó sì ń fa igi lé "mọ̀" lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kò sẹ́ni tó lè rí "mọ̀" lójú. Kí ó kọ ohun tí ojú lè rí tàbí tí etí lè gbọ́: kí ọmọ kà á, kí ó pè é, kí ó tọ́ka sí i, kí ó kọ ọ́ sójú pátákó. Ọ̀rọ̀ tí kò gbà ju kí èèyàn jẹ ẹ̀pà tán lọ ni wọ́n fi pamọ́ fún àgbàlagbà obìnrin títí dé ọdún tó kẹ́yìn, nítorí ọ̀wọ̀!

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, kò jẹ́ ká sinmi. Gbogbo ohun tí a bá ti sọ, ìbéèrè rẹ̀ ti dé: kí ni màá rí? Alájà ní òun mọyì wa ní ilé ìwé yìí, Ìyá Favour ní kí la máa rí, Alájà sì rántí pé òun ti gbé nǹkan sórí iná. Ọkọ rẹ̀ sọ fún un pé òun mọ̀ pé iṣẹ́ ilé pọ̀ fún un. Ìyá Favour ní kí ni òun máa rí. Ọkùnrin náà ronú díẹ̀, ó gbé korobá, ó lọ pọnmi.

Ọjọ́ tí Safiyyah padà wá, mo fún àwọn ọmọ mi ní ìṣirò ṣe, mo gbé etí mi lé pátákó. "Gb" náà ló tún kọ́. Ó kọrin díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò pàtẹ́wọ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ sára káàdì, ó sì ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan síwájú. Àwọn kan kà á. Ó wá kan Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń ga ju ti gbogbo wọn lọ nígbà tí wọ́n bá ń ké pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Mo yọjú láti ihò pátákó. Ọmọ náà dorí káàdì kodò, ó sì fi ìgbóyà kọ gbogbo orin "gb" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó tẹ̀lé e wo káàdì, ó wo òkè àjà. Òmíràn ní "ìgò".

Mo fi ìka kan pátákó. Mo ní, "Kọrin! Ìyá Favour, kọrin!" Bí ó bá kọrin, wọn á ké, ariwo á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣe é ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó gbọ́ mi. Ó kó àwọn káàdì náà jọ.

Ó ní, "Kò tíì yé yín. Ẹ̀bi yín kọ́. Èmi ni mo ń bi yín ní ìbéèrè tí kò dáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi lẹ́tà 'g'."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi lẹ́tà "g". Nígbà tí aago lù, púpọ̀ nínú wọn ti lè ka "igbá", díẹ̀ ka "àgbàdo", àwọn kan kò rí nǹkan kan kà. Safiyyah bi í pé, "Missis Adérógbà, ṣé ohun tí ẹ kọ sínú ìwé yín ṣẹlẹ̀?"

Ó ní, "Rárá, mà. Kò ṣẹlẹ̀ lára gbogbo wọn. Mo mọ àwọn tí kò lè kà á báyìí. Lọ́la ni màá tún un kọ́ fún wọn."

Ọmọbìnrin náà kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́. Ó fún un ní máàkì tó kéré jù nínú àwọn máàkì tí èèyàn fi ń yege. Kò fi ẹyọ kan lé e. Ìyá Favour gbé ìwé náà mọ́ àyà, ó sì jó, òun nìkan, láìsí orin. Alájà gba ìwé ẹ̀rí náà nígbà tó jáde, ó wò ó níwá, ó wò ó lẹ́yìn, ó ní kí ó padà sí kíláàsì rẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ọ lóde òní láti ìhà kejì pátákó, àmọ́ kì í pariwo bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ rò pé ojú ti Mister Ayọ̀díjí? Ojú wo? Bánà tuntun ló lọ ṣe. Àwòrán Ìyá Favour wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kékeré, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé MÀMÁ WA, ÈSO ÌRÀNWỌ́ WA. Ó ní kí ó wá bá àwọn àgbà tuntun sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń gbà wọ́n wọlé. Mo bá a lọ, nítorí mo fẹ́ rí bí òpùrọ́ ṣe ń làágùn.

Kò làágùn. Fáànù kọjú sí i. Ó sọ̀rọ̀ títí mínírà fi gbóná lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ó sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí báyìí: "Màmá, Bàbá, ṣé ẹ ti wá mọ̀ pé ọjọ́ orí kì í ṣe ìdènà?"

"A ti mọ̀ ọ́n!" Àwọn àgbàlagbà onírun funfun ni wọ́n ń ké bẹ́ẹ̀.

Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún Ìyá Favour. Ìyá Favour wò ó.

"Mister Ayọ̀díjí, kí la máa rí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ wí, Màmá?"

"Mo ní kí la máa rí, tí a ó fi mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n?"

Ọkùnrin náà ju ọwọ́ sí àwọn èrò pé kí wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àtẹ́wọ́ náà rọlẹ̀, bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn pátápátá dìde, ó di ìwé mú. Ó ní kí wọ́n má bínú o, òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́sìn nóòtì, òun sì ti béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì láàárọ̀, àga ni wọ́n fún òun.

Ìyá Favour gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Ó gbé àga olápá tó wà lábẹ́ fáànù lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń gbé e kọjá láàárín èrò lọ sẹ́yìn.

"Màmá!" ni Mister Ayọ̀díjí ń ké. "Màmá, iwájú ni àyè yín wà!"

Kò wẹ̀yìn. Ó gbé àga náà ti bàbá yẹn, ó jókòó.

"Missis Adérógbà lorúkọ mi," ni ó wí, ó sì ní kí bàbá náà yọ bírò rẹ̀.